Àwọn Tó Ń Gba Itọ́ Lẹ́nu Ẹ̀fọn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀fọn kan lè kó ibà pọ́njú ran ọmọ èèyàn, itọ́ ẹ̀fọn náà ló gbọ́dọ̀ gbà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ inú ikùn rẹ̀, kì í ṣe ara rẹ̀ lódindi. Itọ́ ni. Bí ẹ̀fọn sì ṣe kéré tó yìí, ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo bí itọ́ rẹ̀ yóò ṣe mọ. Síbẹ̀ àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣe jẹun nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ó yẹ kí a jókòó tì wọ́n ká wò wọ́n.

Ilẹ̀ tó bí Aréògún ará Òsì ní Kwara níbí, agbẹ́gilére tó gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère ẹpà títí tó fi kú ní ọdún 1954, mọ iyì ọwọ́ tó pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé kò ní sú ará Òsì, ará Ìlọfà àti ará Eruku láti bá mi wo ọwọ́ mìíràn, ọwọ́ tó ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀fọn yọ láìfún ikùn rẹ̀.

Orí yìnyín ni wọ́n ti ń ṣe é. Òtútù á mú ẹ̀fọn náà, á dákẹ́, àmọ́ kò ní kú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á fi ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á yọ ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, á kó wọn sínú ìgò kékeré tí nọ́ńbà ẹ̀fọn náà wà lára rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ tẹ ikùn. Bí ikùn bá bẹ́ pẹ́nrẹ́n, ohun tó wà nínú rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ itọ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sì ti wọ́gbẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan ẹnu. Á rọra ti ẹnu gígùn ẹ̀fọn náà bọ inú ihò páìpù tín-ń-rín kan tí ẹ̀kán omi kékeré wà nínú rẹ̀, á sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀fọn tí kò lẹ́sẹ̀ tí kò níyẹ̀ẹ́ á máa tutọ́ sínú omi yẹn bí ẹni pé ara èèyàn ló gún. Tí ó bá pé àkókò, wọ́n á fẹ́ ẹ̀kán omi náà sínú ìgò tirẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà kan náà sí i lára.

Ẹ̀fọn kan ti di ẹrù mẹ́ta báyìí: ara lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ lọ́tọ̀, itọ́ lọ́tọ̀. Wọ́n á lọ èyí tó ṣeé lọ̀ kúnná, wọ́n á da ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn nínú àwo. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú tó bá wà láàyè á pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ihò kéékèèké á yọ lójú àwo, ẹni tó lójú á sì kà wọ́n. Bí ihò bá yọ níbi tí wọ́n da itọ́ sí, àríyànjiyàn ti tán: ẹ̀fọn yìí lè ranni.

Kí ló dé tí wọn kò kàn lọ gbogbo ẹ̀fọn pọ̀, kí wọ́n wò ó bóyá fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀? Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láàárọ̀, bí o bá lọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, wàá bá fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀ dandan, torí ẹ̀jẹ̀ náà ṣì wà nínú ikùn. Ìyẹn kò sọ ọ́ di aránni. Fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ara ògiri ikùn ẹ̀fọn. Nínú ẹ̀fọn mìíràn kò ní rí ibẹ̀ wọ̀, ẹ̀jẹ̀ á dà, òun náà á sì bá ìdọ̀tí jáde. Nínú òmíràn á wọ ògiri ikùn, á máa bí sí i níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ọ̀nà jáde sí ara yòókù. Òmíràn tún wà tí á ti tàn dé ẹsẹ̀, dé orí, tí kò sì ní lè wọ ibi tí itọ́ ti ń sun. Ẹ̀fọn mẹ́ta wọ̀nyí, gbogbo wọn ló gbé fáírọ́ọ̀sì sára, kò sì sí ọ̀kan tó lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹni tó lọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ á pè wọ́n ní ọ̀daràn mẹ́ta. Ẹni tó yọ ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ tó gba itọ́ lọ́tọ̀ á mọ ibi tí fáírọ́ọ̀sì dúró sí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àsìkò náà tún wà ńbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kì í ti inú ikùn dé inú itọ́ lọ́jọ́ kan. Nelson Davis, tó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ Brazil, fi hàn ní ọdún 1932 pé bí a bá tọ́jú ẹ̀fọn síbi tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 37 ti Celsius, ọjọ́ mẹ́rin péré tó fún un láti di aránni. Bí a bá tọ́jú irú ẹ̀fọn kan náà síbi tó tutù dé ìwọ̀n 21, ó di ọjọ́ méjìdínlógún. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí fi ń há ẹ̀fọn wọn mọ́ yàrá tí ooru rẹ̀ kì í yẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 28, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í yẹ̀, tí iná ibẹ̀ ń tàn wákàtí méjìlá tí ó sì ń kú wákàtí méjìlá. Wọ́n á mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ keje, wọ́n á mú díẹ̀ lọ́jọ́ kẹrìnlá, nígbà mìíràn wọ́n á dúró di ọjọ́ kọkànlélógún. Ẹ̀fọn a sì máa kú nínú àgò kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀fọn sìn, tí kò mọ bí a ṣe ń fi òwú tó ti mu omi ṣúgà sórí àgò fún wọn láràárọ̀, òkú ni yóò kó lọ́jọ́ kẹrìnlá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọmọdébìnrin kan ṣàìsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Kwara níbí. Ilé-iṣẹ́ Pasteur tó wà ní Dakar ló yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án pé ibà pọ́njú ni. Ní oṣù kẹwàá ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn èèyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Kwara àti Kogi, wọ́n sì ṣètò fún ènìyàn 873,837, láti ọmọ oṣù mẹ́sàn-án dé ẹni ọdún 45. Eruku wà létí ààlà àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì yìí gan-an, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbà. Ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, èèyàn tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú bọ̀ lára sì lè wà nínú ọkọ̀ èyíkéyìí. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ̀fọn àdúgbò sì jẹ ẹ́, ohun tó kù di ọwọ́ ẹ̀fọn yẹn. Ṣé ó mọ iṣẹ́ náà ṣe ni, àbí kò mọ̀ ọ́n ṣe?

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn tí orúkọ rẹ̀ jọra ló mọ̀ ọ́n ṣe bákan náà. Ẹ̀fọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìlú ni Aedes aegypti, ẹ̀fọn dúdú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bilà funfun, tí ìlà funfun tẹ̀ kọrọdọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀sán ló ń jẹni, pàápàá láàárọ̀ kùtù àti ní ìrọ̀lẹ́. Kì í dúró de àpò ẹ̀fọn tí ẹ ta sórí bẹ́ẹ̀dì. Walter Tabachnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú ẹ̀fọn yìí jọ láti oríṣiríṣi ibi lágbàáyé, wọ́n fún gbogbo wọn ní fáírọ́ọ̀sì kan náà, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1985: ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Èyí tó ń gbé igbó ilẹ̀ Áfíríkà sábà máa ń kọ fáírọ́ọ̀sì náà ju èyí tó ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkèèrè lọ. Ní ọdún 2020, Fabien Aubry, Louis Lambrechts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí ohun tó jọ ọ́ nípa fáírọ́ọ̀sì Zika, òmíràn tí ẹ̀fọn kan náà ń kó. Ìdí nìyí tí kò fi ṣeé ṣe láti ka èsì ẹ̀fọn ìlú kan kí a sì fi ṣèdájọ́ ẹ̀fọn ìlú mìíràn. Wọ́n ní láti lọ mú ti ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mú un náà dára púpọ̀ lójú mi. Wọn kì í lé ẹ̀fọn kiri. Wọ́n á gbé ìkòkò kékeré dúdú kan síbi ibòji, wọ́n á bu omi sí i ní ìdajì, wọ́n á fi pátákó pẹlẹbẹ tàbí bébà tó rí ṣákiṣàki sí i létí. Ìyá ẹ̀fọn á wá fúnra rẹ̀, á yé ẹyin rẹ̀ sára bébà náà, lókè omi díẹ̀. Ẹyin rẹ̀ dúdú, ó rí wóróworó, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹyin ẹ̀fọn yìí lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ kó má kú. Tí omi bá tún kàn án, á pa. Ìwà yìí ló jẹ́ kí ó máa la ọ̀gbẹlẹ̀ já láàárín wa, òun náà ló sì jẹ́ kí oníṣẹ́ lè gbẹ bébà rẹ̀, kí ó fi í sínú àpò ìwé, kí ó gbé gbogbo ẹ̀fọn àdúgbò kan lọ sí yàrá àyẹ̀wò láìgbé ẹ̀fọn kan ṣoṣo. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti rì í sómi, tanwíjí á jáde, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ ẹja títí á fi di ẹ̀fọn.

Bí ẹ bá wo ibi tí ó ń gbé ní irú ìlú bí Eruku, ẹ ó rí i pé àwa fúnra wa la kọ́lé fún un: amù tí a kì í fọ̀, dúrọ́ọ̀mù tí a kò dé, táyà tó wà níta lọ́dọ̀ fọkanáísà, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí, èèpo àgbọn. Àwọn ìbátan rẹ̀ ní ibùgbé tiwọn. Aedes vittatus fẹ́ràn omi òjò tó dúró sínú kòtò orí àpáta, àpáta kò sì wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀. Aedes luteocephalus àti Aedes africanus ń yé ẹyin sínú ihò igi. Àwọn ìbátan Aedes simpsoni wà nínú omi tó dúró sí ìdí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé kókò. Olóko tó bá ti gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn òjò mọ omi tí mò ń wí.

Èmi kì í pe orúkọ ẹ̀fọn wọ̀nyí láìrántí Yaba. Ní ọdún 1925 ni ìgbìmọ̀ Rockefeller tó wá wádìí ibà pọ́njú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tẹ̀dó síbẹ̀, ní Èkó, Henry Beeuwkes ni olórí wọn. Fún ọdún méjì, ọwọ́ wọn kò ba nǹkan gidi. Kò sí ẹran kan tí wọ́n lè fi ibà náà sí lára, bí kò bá sì sí ẹran, kò sí bí wọ́n ṣe lè dán ẹ̀fọn wò àfi lára èèyàn. Ní 30 oṣù kẹfà ọdún 1927 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi, ní Kpeve, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ara rẹ̀ yá ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà gún kú. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson ló kọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní ọdún 1928, àmọ́ Stokes kò rí ìwé náà. Ibà pọ́njú pa á ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Bí ó ti ń ṣàìsàn lọ́wọ́, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró. Láti ara fáírọ́ọ̀sì Asibi yìí ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní ọdún 1937, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní ọdún 1951. Títí dòní, orúkọ Asibi ni wọ́n ṣì ń pe fáírọ́ọ̀sì náà ní gbogbo yàrá àyẹ̀wò lágbàáyé.

Ìgbà tí ọ̀bọ ti wà, Bauer bẹ̀rẹ̀ ohun tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Gbogbo ayé gbà nígbà náà pé Aedes aegypti nìkan ló ń kó ibà pọ́njú, láti ìgbà tí Carlos Finlay ti sọ ọ́ ní Cuba ní ọdún 1881 tí ìgbìmọ̀ Walter Reed sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1900. Bauer kò gbà bẹ́ẹ̀ láìdán an wò. Ó mú ẹ̀fọn igbó ilẹ̀ wa wá, ó jẹ́ kí wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ tí ibà ń ṣe, ó dúró, ó sì tún jẹ́ kí wọ́n jẹ ọ̀bọ tí ara rẹ̀ le. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀fọn igbó kì í fẹ́ jẹun nínú àgò. Òmíràn á kọ̀ títí á fi kú. Láti mú un wálé, kí o mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ìbátan rẹ̀ nípa ìlà ara rẹ̀ nìkan, kí o mú kí ó jẹun lẹ́ẹ̀kan, kí o tún pa á mọ́ láàyè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ títí yóò fi jẹun lẹ́ẹ̀kejì: sùúrù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 1928 ó kéde pé Aedes luteocephalus lè kó o, Eretmapodites chrysogaster náà lè kó o. Cornelius Philip tẹ̀ lé e ní ọdún 1929, ó fi Aedes africanus àti Aedes vittatus kún un. Ọ̀bọ púpọ̀ ló bá iṣẹ́ yìí lọ, a ò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀.

Ọdún mọ́kànlélógójì kọjá. Ní ọdún 1969 ibà pọ́njú bẹ́ sílẹ̀ lórí òkè Jos, àwọn tó wádìí rẹ̀ sì tọ́ka sí ẹ̀fọn kan pé òun ni olórí aránni níbẹ̀. Aedes luteocephalus ni. Vernon Lee àti D. L. Moore, tí wọ́n lọ láti yàrá fáírọ́ọ̀sì Yunifásítì Ìbàdàn, kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ẹnì kan ti bi ẹ̀fọn yẹn léèrè ọ̀rọ̀ ní Yaba kí wọ́n tó dé.

Yaba náà ni wọ́n ti yọ ọ̀bọ kúrò nínú ìpele àkọ́kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1956, J. P. T. Boorman àti J. S. Porterfield kọ ìwé kúkúrú kan nípa ọ̀nà ìrọ̀rùn tí a lè fi fún ẹ̀fọn ní fáírọ́ọ̀sì. Wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì Zika, wọ́n fi awọ bò ó, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn gún awọ náà mu ún. Pẹ̀lú ẹ̀fọn tí wọ́n bọ́ báyìí ni wọ́n fi Zika ran eku àti ọ̀bọ. Ọgọ́ta ọdún kó tó di pé gbogbo ayé ń pariwo Zika, ní Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn ní yàrá àyẹ̀wò pé Aedes aegypti lè kó o. Títí dòní, awọ lórí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná ni. Ohun-èlò ti yí padà: omi gbígbóná ń yí ẹ̀jẹ̀ ká kí ooru rẹ̀ lè dúró ní ìwọ̀n 37, ooru ara èèyàn, àwọn mìíràn sì ń lo awọ adìyẹ. Wọ́n á ti gba omi ṣúgà lọ́wọ́ ẹ̀fọn láti ọjọ́ kan ṣáájú kí ebi lè pa á dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣa àwọn tí ikùn wọn pọ́n rokoṣo, wọ́n á yọ àwọn tí kò yó kúrò, torí ẹni tí kò jẹun kò ṣeé bi pé kí ló ṣe pẹ̀lú oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Ògbómọ̀ṣọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n yìí ti bá èsì tí kò sẹ́ni tó retí pàdé.

Ní ọdún 1986 ibà pọ́njú jà ní Oju, ní Benue. Àwọn oníwádìí fojú bù ú pé ènìyàn 9,800 ló mú, ó sì pa 5,600 nínú wọn. Ìyẹn, ẹ̀fọn igbó ló ṣe é. Ní ọdún kejì ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nínú ìlú ńlá, Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára ibi tó ti jà jù. Abdulsalami Nasidi, tó padà di olórí àkọ́kọ́ fún NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó kọ ìtàn àjàkálẹ̀ náà. Nínú ìlú yìí, Aedes aegypti inú ilé ni wọ́n tọ́ka sí, ó pọ̀ nínú ìkòkò omi ìlú bí nǹkan míì. Gbogbo èèyàn ló máa rò pé ẹ̀fọn tó ṣe irú iṣẹ́ ibi yẹn á jẹ́ ọ̀gá nínú kíkó fáírọ́ọ̀sì.

Barry Miller, Thomas Monath, Walter Tabachnick àti V. I. Ezike, orúkọ tí ẹ ó mọ̀ pé ilẹ̀ wa ló ti wá, kò rò ó. Wọ́n dán an wò. Monath kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ wa, ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n mú ẹ̀fọn tó ti agbègbè tí àjàkálẹ̀ náà ti jà wá, wọ́n fún un ní fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú, wọ́n dúró, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀fọn náà kò mọ iṣẹ́ náà ṣe. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ló gba fáírọ́ọ̀sì, díẹ̀ sì ni ó lè kó o ranni. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní ọdún 1989, wọ́n sì sọ ọ́ láìfi bò nínú àkọlé rẹ̀ pé ẹ̀fọn tí kò kájú ẹ̀ ló fa àjàkálẹ̀ náà.

Mo fẹ́ràn ìwé yẹn. Ó rọrùn fún oníṣẹ́ láti rí ohun tó ń wá, pàápàá nígbà tí òkú ti sùn nílẹ̀ tí gbogbo ìka sì ń tọ́ka sí ẹ̀fọn kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò pé ì bá sọ pé bóyá òun ló ṣi àyẹ̀wò ṣe. Àwọn wọ̀nyí gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí àyẹ̀wò wọn fi hàn, wọ́n sì bi ara wọn ní ìbéèrè tó tẹ̀ lé e: bí ẹ̀fọn bá ya ọ̀lẹ tó báyìí, báwo ló ṣe pa èèyàn?

Ìdáhùn wọn ni pé ó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ilé wò ó. Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, márùn-ún péré ló lè kó o ranni. Bí ẹgbẹ̀rún ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ náà, àádọ́ta aránni ti wà lóde. Ká ní ní ìlú mìíràn ẹ̀fọn ibẹ̀ mọṣẹ́ gan-an, tó jẹ́ pé ìdajì wọn ló lè ranni, ṣùgbọ́n àádọ́ta péré ló rí aláìsàn jẹ nítorí pé omi kò dúró síta níbẹ̀: márùndínlọ́gbọ̀n ni wọn yóò jẹ́. Ọ̀lẹ púpọ̀ ti borí akíkanjú díẹ̀.

Ẹ̀mí gígùn tún wà níbẹ̀, òun ló sì ń ṣe mí ní kàyéfì jù. Tí fáírọ́ọ̀sì bá nílò ọjọ́ méjìlá kó tó dé inú itọ́, ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ wà láàyè fún ọjọ́ méjìlá. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá ń la ọjọ́ kan já, nǹkan bí méje nínú ọgọ́rùn-ún ló máa rí ọjọ́ kejìlá. Bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, wọ́n á tó méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀mí tó fi díẹ̀ gùn sí i lójúmọ́ ti sọ ewu di ìlọ́po mẹ́rin, láìjẹ́ pé ẹ̀fọn náà gbọ́n sí i rárá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀fọn ilẹ̀ Áfíríkà kì í kó fáírọ́ọ̀sì yìí dáadáa, òótọ́ ló sọ, ẹ má sì tìtorí ẹ̀ sùn.

Iye náà sì ṣeé kà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ife onígi gígùn, wọ́n ń yọjú wo gbogbo ohun tó gba omi sí, wọ́n ń wá tanwíjí. Tí wọ́n bá ti dé ọgọ́rùn-ún ilé, wọ́n á ka iye ohun ìgbomi tí wọ́n bá tanwíjí nínú rẹ̀. Bí kò bá tó márùn-ún, ewu ibà pọ́njú inú ìlú kéré. Bí ó bá ju àádọ́ta lọ, ewu ńlá ni. Èyí náà iṣẹ́ ọwọ́ ni, bí kò tilẹ̀ ní yìnyín àti páìpù. Tanwíjí a máa rì sísàlẹ̀ nígbà tí òjìji èèyàn bá ṣíji bo omi. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í sáré tan tọ́ọ̀ṣì. Á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan tí òjìji rẹ̀ kò ní bọ́ sómi, á mú sùúrù, wọ́n á tún gòkè wá mí.

Bí irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn yín ní Eruku, ní Òsì tàbí ní Ìlọfà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo amù. Ẹ dé dúrọ́ọ̀mù, ẹ da omi inú táyà nù kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni tanwíjí ń di ẹ̀fọn. Láti ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ti wà lára abẹ́rẹ́ tí ìjọba ń fún ọmọdé ní Nàìjíríà. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó fún gbogbo ayé èèyàn. Ẹ wo káàdì ọmọ yín lónìí bóyá ó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín.